Nígbà Tí Ọ̀pá Bá Jábọ́

Ajé, 2 oṣù kẹfà

Níbi eré fífò sókè, ọ̀pá jábọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí, Bọ̀ọ̀dá sì jẹ ẹgba mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ń pè é wá jẹ ẹ́. Bí ọ̀pá bá ti kanlẹ̀, á dìde lórí fóòmù, á rìn lọ síbi tí Bàámi dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, á kẹ̀yìn sí wọn, á gbọ́wọ́ lé orúnkún. Rọ́bà gáàsì tí Bàámi gé láti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wọn ni wọ́n fi ń nà án. Tí ẹgba bá ti balẹ̀, èmi á gbé ọ̀pá padà sórí òpó, òun á lọ dúró níbi tó ti ń sáré wá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí láti kékeré rẹ̀.

Ẹgba kẹrin bọ́ sórí ibi tí ti àná ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ lára síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Bàámi wò ó, wọ́n ní kí n fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, pé aṣọ náà ṣì dáa.

Ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti máa ṣe é. Mítà 2.24 ni Bọ̀ọ̀dá fò gbẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Fóòmù mu omi débi pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń pọ̀ ọ́ sókè. Bàámi ní àwọn tó máa bá a díje ò ní béèrè lọ́wọ́ òjò kí wọ́n tó fò.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá sáré wá lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ tó fi ń gbéra yọ̀. Ó fàyà sọ òpó, òpó wó lé e, sípáìkì kan, ìṣó abẹ́ bàtà rẹ̀, sì ya ojúgun ẹsẹ̀ kejì wálẹ̀. Mo rí funfun nínú ẹran kí ẹ̀jẹ̀ tó bò ó.

Ó dìde. Ẹ̀jẹ̀ ń kún bàtà, ojú rẹ̀ ti ṣú, ó ṣì rìn lọ kẹ̀yìn sí Bàámi, nítorí pé ọ̀pá ti jábọ́. Wọ́n nà án. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e kọ́ èjìká, tí wọ́n ń fi orúnkún wọn kan tí kò dáa sáré nínú òjò lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Èmi náà ń sáré tẹ̀ lé wọn, mo gbé bàtà lọ́wọ́. Mo rí méjèèjì, ẹgba àti ẹkún, kò sì sí èyí tí mo lè fi pa ìkejì rẹ́.

Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Wọ́n ti rán ojúgun náà. Bándéèjì ti gbówó lórí, Màámi ya aṣọ ìbùsùn àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ dípò rẹ̀. Wọ́n ń ya á ṣáá, kódà nígbà tó ti tó.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Wọ́n mú mi fún iṣẹ́ ìdíje náà. Adájọ́ Àgbà tó máa bójú tó fífò sókè níbi ìdíje náà wá sí ẹgbẹ́ wa, ó béèrè ẹni tó lè gbé ọ̀pá lé òpó láìgbọ̀n, gbogbo wọn sì nawọ́ sí mi. Bàbá arúgbó ni, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ènìyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì la máa dúró ti òpó méjèèjì.

Ó ka òfin fún wa. A ò gbọdọ̀ bá eléré sọ̀rọ̀. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Eléré tí ẹnikẹ́ni bá ràn lọ́wọ́ nínú pápá, òun ni wọ́n máa fi káàdì kìlọ̀ fún, bó bá sì tún ṣẹlẹ̀, òun náà ni wọ́n máa lé.

Ó béèrè bóyá mo ní ẹbí kankan tó ń díje. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni Gàgàrà. Orúkọ tí gbogbo pápá fi mọ̀ ọ́n nìyẹn, nítorí gíga rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó wá ní ṣé ojú mi máa gbà á bí mo bá rí i tó ṣubú. Mo ní ó ti mọ́ mi lójú.

Ajé, 16 oṣù kẹfà

Bọ̀ọ̀dá padà sí pápá lónìí. Oòrùn mú, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Bàbá Pápá, tó ń gé koríko ibẹ̀, pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó rọra rìn wá, ó wo ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá. Ó sọ fún Bàámi pé olè tí wọ́n mú pẹ̀lú ewúrẹ́ lọ́rùn kì í jẹ irú ìyà yìí. Bàámi ní kó padà sídìí koríko rẹ̀. Bàbá Pápá ò lọ.

"Ọmọ yìí máa kú mọ́ ẹ lọ́wọ́," ó ní. "Wàá wá máa fi orúnkún jákujàku yẹn fò ó fúnra ẹ."

Bàámi gbá a lẹ́nu. Wọ́n tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ń ṣubú lọ, orí ọkùnrin náà sì sọ irin ẹ̀rọ. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, kò dún bí irin, kò dún bí orí. Bọ̀ọ̀dá gbá Bàámi mú láti ẹ̀yìn, ó jẹ ìgbúnwọ́ nímú. Nígbà tí wọ́n fi máa pín wọn níyà, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin mẹ́ta ti wà lórí koríko. Mo rí eyín kan, mo ṣà á, mo fà á lé Bàbá Pápá lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Olórí ẹgbẹ́ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n dá Bàámi sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ti géètì pápá mọ́ wa títí di ọjọ́ ìdíje.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà la wà báyìí. Bàámi jó páìpù méjì pọ̀ di òpó láàárín ọ̀sán kan, iṣẹ́ náà mọ́, kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè kan ojú ìsopọ̀. Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún tí a fi okùn dì ló di fóòmù, ilẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré. Kò sí ọ̀pá gidi, wọ́n fi irin tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pá gidi máa ń yẹra fún ènìyàn bó bá kàn án. Irin kì í yẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá bá a, ó ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó.

Bàámi ní irin máa kọ́ ọ.

Ó sì kọ́ ọ. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ palẹ̀ mọ́, ó fò 2.26. Bàámi wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n ń yí orúnkún wọn bí ẹni yí kọ́kọ́rọ́ tó ti dógùn-ún. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bí ẹ bá wó báyìí, mi ò mọ iye ẹgba tí ó tọ́ sí yín." Bàámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́rú, 25 oṣù kẹfà

Mo ń fi omi gbóná nu ẹ̀yìn Bọ̀ọ̀dá nínú yàrá, mo sì ti ń wá ọ̀nà àtisọ ọ́ láti àárọ̀. Mo ní kí ó sọ fún Dókítà tó ń tọ́jú àwọn eléré orílẹ̀-èdè wa. Obìnrin tó ní làákàyè ni, ó lè gba káàdì ìwọlé Bàámi kí wọ́n má lè dé pápá.

Ó ní òun ò lè fò láìsí Bàámi. Ó ní ara òun ò mọ ọ̀nà míì, pé lẹ́yìn tí ẹgba bá balẹ̀ ni ẹsẹ̀ òun máa ń fúyẹ́.

"Ṣé ẹ ti dán an wò láìsí ẹgba rí?"

Ó gbá mi létí. Kò yára, kò tilẹ̀ bínú. Bí ẹni gbé ọ̀pá tó jábọ́ padà ló ṣe ṣe é. Ó wá wo ọwọ́ rẹ̀, ó fi sí abẹ́ itan, ó jókòó lé e.

"Bí wọ́n bá gba káàdì Bàámi," ó ní, "ìwọ lo pa mí."

Etí mi òsì ṣì ń hó bí omi ìkòkò.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹfà

2.22. Ẹgba mẹ́fà. Oòrùn.

Àìkú, 6 oṣù keje

Àwọn eléré ti ń dé láti ibi gbogbo. Títì kún fún àwọn tó ga tí wọ́n ń wo ojú ọjọ́. Wọ́n ti ṣí géètì fún Bọ̀ọ̀dá báyìí, torí pé ó ti di eléré orílẹ̀-èdè.

Àbọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó máa bá a díje, èyí tó kun irun rẹ̀ ní pupa, rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá ìmúra. Onírun Pupa yìí bi í pé ṣé kìnnìún ló fi ṣaya. Bọ̀ọ̀dá dì í lọ́fun, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin títí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi tẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló já a.

Dókítà pè é síbi tó ti ń tọ́jú ènìyàn, ó ní kó bọ́ aṣọ. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bọ̀ọ̀dá ní irin ló wó lé òun. Dókítà ní ṣé irin náà wó lé e lọ́nà ogún ni. Dókítà wá yíjú sí mi, ó ń wò mí. Mo wo ilẹ̀. Táìlì ibẹ̀ funfun, ọ̀kan ti sán.

Ẹtì, 11 oṣù keje

Ọjọ́ àṣàyàn. Ẹni tó bá pegedé lónìí ló máa díje lọ́jọ́ Àìkú. Atẹ́gùn díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo wà nídìí òpó ọ̀tún, ọmọbìnrin báńkì wà lósì. Bàámi wà níbi tí wọ́n fi fún àwọn kóòṣì lẹ́yìn irin ìdènà, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, káàdì wà lọ́rùn wọn.

Bọ̀ọ̀dá kọjá 2.16 láìfara kàn án. Ní 2.21, ìdí rẹ̀ gbá ọ̀pá. Àsíá pupa.

Ó dìde lórí fóòmù. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó gbẹ́sẹ̀, mi ò sì lè sọ̀rọ̀. Ó rìn lọ tààrà síbi irin ìdènà, ó kẹ̀yìn sí Bàámi, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà àwọn eléré ni. Apá Bàámi lọ sókè. Mi ò rò pé àwọn ló gbé e, apá náà ló gbé ara rẹ̀. Ó ti kọjá èjìká kí wọ́n tó rí i pé ojú kámẹ́rà ń wò wọ́n. Wọ́n bá fi họ orí. Ẹ̀rín náà kú láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ìgbà tí iná bá ń kú lójúlé-lójúlé. Àwọn tó wà nítòsí ti rí ohun tí síńgílẹ́ẹ̀tì ò bò.

Bàámi ní kó lọ fò. Ó ṣì tẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró.

Adájọ́ Àgbà rán ènìyàn lọ mú un kúrò. Nígbà tí ó yí kàn án, ó fò bí ẹni tó ń rìn lójú oorun, àyà ló fi gbé ọ̀pá wálẹ̀. Ó tún lọ kẹ̀yìn sí Bàámi. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàámi ò wò ó mọ́. Wọ́n ń wo bàtà tiwọn.

Àǹfààní kan ṣoṣo ló kù nínú mẹ́ta. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà kan, ó fi sípáìkì rẹ̀ gún itan ara rẹ̀. Ó fà á yọ, ó tún un gún, ó tún un gún. Ó ń ṣe é bí ẹni ń kan ìṣó. Ó wọ bàtà padà, ó sáré wá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn tínrín-tínrín lọ sí orúnkún, ó sì kọjá. Ààyè tó fi sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ọ̀pá lè gba orí ènìyàn.

Òun ni ẹni ìkẹyìn tó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sórí fóòmù, mo fi aṣọ nù ún kí ẹlòmíì tó fò.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Mi ò lè kọ ti ọ̀sán àná lánàá.

Bàámi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó dójú ti àwọn lójú gbogbo ayé, pé ta ló ní kó kẹ̀yìn síta gbangba. Kì í ṣe rọ́bà ni wọ́n mú. Wọ́n mú ohun tó bá ti súnmọ́ wọn, ẹsẹ̀ àga, ìdérí ìkòkò, ẹ̀yìn rédíò. Màámi bọ́ sáàárín, Bàámi jù wọ́n lu kọ́bọ́ọ̀dù, àwo fọ́, ọrùn ọwọ́ Màámi wú lójú ẹsẹ̀. Mo dì mọ́ apá Bàámi, wọ́n gbọ̀n mí dànù mọ́ ògiri.

Bọ̀ọ̀dá wà nílẹ̀. Ó lágbára jù wọ́n lọ, ó lè fi ọwọ́ kan gbé wọn, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Mo rò pé àdúrà ni. Ó ń ka ẹgba ni.

"Bàámi," ó ní, "ọ̀pá méjì ni. Méjì péré ló jábọ́."

Wọ́n dúró. Ó dà bíi pé wọ́n ń ṣe ìṣírò náà lóòótọ́. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú.

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Dókítà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ìgbà kékeré títí dé ìdérí ìkòkò. Mi ò sunkún, mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra. Ó ní ṣé mo lè sọ ọ́ níwájú àwọn míì. Mo ní mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ní nǹkan bí aago méjì, àwọn ẹ̀ṣọ́ gba káàdì Bàámi ní géètì. Bàámi ò jẹ́ kó rọrùn. Wọ́n fi orí kan ẹ̀ṣọ́ kan nímú, ó sì di pé àwọn mẹ́rin dà wọ́n dé ilẹ̀, tí ọ̀kan fi gbogbo ara jókòó lé ẹsẹ̀ wọn. Orúnkún náà dún. Mo wà lẹ́yìn irin, mo gbọ́ ọ. Bàámi gbé ojú sókè, wọ́n rí mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Bàtà tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi gún itan ṣì ní ẹ̀jẹ̀. Rí i pé o fọ̀ ọ́."

Bọ̀ọ̀dá tutọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó kọjá lọ. Dókítà ti ní kó sùn sọ́dọ̀ àwọn eléré.

Àìkú, 13 oṣù keje

Kò sí atẹ́gùn rárá. Àwọn méjìlá ló ń díje. Ìjókòó Bàámi ṣófo.

Bọ̀ọ̀dá fò 2.20 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fò 2.24 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó nà án. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójú mi, mo fẹ́ pariwo rẹ̀ fún un kó gbọ́, òfin sì ní kí n dúró kí n wo ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n gbé e dé 2.28, mẹ́rin péré ló kù nínú wọn. Àwọn méjì kọjá. Onírun Pupa jábọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹsẹ̀ ta ìgò omi dànù, ó lọ jókòó. Bí Bọ̀ọ̀dá bá kọjá, òun ló gba ipò kẹta, àwọn tó ń gbé eléré lọ sí ibùdó òkè òkun sì ti sọ pé mẹ́ta àkọ́kọ́ làwọn ń mú. Kò ní sí ilé wa mọ́. Kò ní sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ó gbé ọ̀pá wálẹ̀ pẹ̀lú èjìká. Ó dìde. Ó wo ìjókòó tó ṣófo. Ó yí padà, ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún.

Mo gbé ọ̀pá sórí òpó. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ó lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, gìgísẹ̀ ni. Ọ̀pá yí lórí òpó, ó rò ó títí, ó jábọ́. Ó tún wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbóòórùn òróró tí Dókítà fi pa á. "Lù mí," ó ní. "Jọ̀ọ́." Kò bẹ̀ mí rí láyé wa. Ọmọbìnrin báńkì ń wò mí láti ìdí òpó kejì. Mo gbé ọ̀pá padà sórí òpó.

Kí ó tó sáré lẹ́ẹ̀kẹta, aago ti ń ka sẹ́yìn lójú pátákó, kò lọ síbi tó ti ń sáré wá. Ó wá bá mi tààrà. Ó kẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ń hó lé e. Ó ń gbọ̀n láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá ṣe é, ibẹ̀ ló máa tẹ̀ sí títí aago fi máa tán, pé á padà sílé.

Mo lù ú. Àtẹ́lẹwọ́ mi ṣí, gbogbo agbára mi wà nínú rẹ̀, sáàárín ibi tó ti bẹ́. Ó dún débi pé apá kan àwọn òǹwòran dákẹ́. Mo tún lù ú. Ọ̀kan péré ló béèrè. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kì í ṣe ti ọ̀pá. Ti etí mi ni.

Adájọ́ Àgbà fi káàdì kìlọ̀ fún un. Ó wá bá mi, ohùn rẹ̀ ò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní, "Ó tó, ọmọ mi. Jáde." Mo jáde. Mo ti wọ ẹnu ọ̀nà abẹ́ ìjókòó nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré, mo mọ ẹsẹ̀ yẹn láàárín ẹgbẹ̀rún. Mo yíjú. Ó rékọjá ọ̀pá bí ẹni tí wọ́n jù láti ojú fèrèsé. Àsíá funfun.

Ipò kẹta.

Ajé, 14 oṣù keje

Ọwọ́ mi wú díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó ń lù náà máa ń wú.

Bàámi wà lórí àga, ẹsẹ̀ wọn wà nínú POP funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí mo wọlé, wọ́n fa rọ́bà gáàsì yọ lábẹ́ tìmùtìmù àga, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní àwọn ò lè dúró ti òpó mọ́, àti pé apá mi dáa, kí n kàn máa dúró sún sẹ́yìn díẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ lọ́wọ́.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tí a so kọ́ ọrùn. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn wò mí fínnífínní.

"Bí apá ẹ ṣe lọ sókè yẹn," wọ́n ní, "bàbá ẹ ni mo rí."

Mo gba rọ́bà náà. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé e sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ayùn irin. Ó le ju bí mo ṣe rò lọ, ọ̀sán ti pọ́n kó tó tán.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù keje

Bọ̀ọ̀dá wá sílé kó ẹrù. Àwọn ará òkè òkun gbà kí ó mú ẹnì kan dání, ó sì ti fi orúkọ mi sílẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni fún ènìyàn lẹ́bùn. Ó ní a máa lọ síbi tí ènìyàn ti lè fò bó ṣe wù ú, kò sí Bàámi, èmi àti òun péré. Mo béèrè iṣẹ́ tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ mi, ó sì yára wo ibòmíràn.

Mo ní mi ò lọ. Ó ní kí n rò ó. Ó ní òun á wà ní pápá lọ́jọ́ Ajé, kí n wá.

Ajé, 21 oṣù keje

Mo lọ. Pápá ti tú ká, bébà ń fẹ́ kiri. Kò sí ẹlòmíì, àwa méjì péré, òun àti èmi, fóòmù àti òpó.

Ó ní kí n gbé e sí 2.20. Mo gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ ó kọjá. Lẹ́ẹ̀kejì ọ̀pá jábọ́.

Ó dìde, ó wá, ó kẹ̀yìn sí mi, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń gbẹ, àwọn kan ti ń ṣí èèpá. Láàárín wọn, mo rí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti wà, ó ti di aláwọ̀ ewé díẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ lórí koríko, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.

Ó dúró. Ó pẹ́. Ó ní, "Kí lò ń ṣe?" Ó ní ṣé mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ ni, ṣé mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ fún. Ó bú mi, ó bú ìyá tó bí wa, ó bú ara rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni máa ta mí lórí, mo rí sípáìkì bàtà náà láti abẹ́, gbogbo wọn, ìdọ̀tí wà láàárín wọn. Mi ò yẹrí. Ó gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó tún kẹ̀yìn. Ó tún dúró. Mo jókòó.

Ní ìkẹyìn ó nàró. Ó lọ síbi tí ọ̀pá wà nílẹ̀, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé e. Kò gbé ọ̀pá rí ní gbogbo ọdún tó ti ń fò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, àárín ló ti gbá a mú, bí apá kan bá jókòó, apá kejì á jábọ́. Ó sáré lọ sí apá kejì, apá àkọ́kọ́ jábọ́. Ó wò mí, ó ń mí, ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Wá ràn mí lọ́wọ́, ìwọ òǹrorò yìí."

Mi ò dìde. Ó bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e.